Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé orin tí mo gbà láti inú síìdì pé pérépéré?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàdúná. Àwọn síìdì jùjú àti àpàlà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń dà sínú kọ̀ǹpútà ní fáìlì FLAC (irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú orin), Exact Audio Copy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka orin inú síìdì, ni mo sì ń lò. Mo mọ̀ pé AccurateRip máa ń fi ohun tí ènìyàn kà wé ti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ní irú síìdì kan náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwo ilé wa ni kò sí nínú àkójọ rẹ̀, nítorí náà n kò rí ẹlẹ́rìí kankan. Test & Copy nìkan, èyí tó ń mú kí ètò náà ka orin lẹ́ẹ̀mejì, ni mo gbára lé: bí CRC méjèèjì (nọ́ńbà tí ètò náà ṣírò láti inú ohun tó kà) bá dọ́gba, mo gbà á. Ṣé èyí tó, nígbà tí dráìfù (ẹ̀rọ tó ń ka síìdì) kan náà lè ṣi orin kà lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Èyí tó ká mi lára jù ni àwo àpàlà kan tí orin kẹta rẹ̀ ń mú “Suspicious position” wá, ìyẹn ìkìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ètò náà má ka ibì kan dáadáa. Eruku ọyẹ́ ti ha á lára, ìlà náà sì tẹ̀ lé bí àwo ṣe ń yí po, èyí tó burú ju ìlà tó ti àárín lọ sí etí lọ. Mo ti fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì fi aṣọ tó múlọ́ nù ún láti àárín lọ sí etí. Síbẹ̀ ohùn agídìgbo ṣì ń já níbẹ̀. Ṣé kí n dín eré dráìfù kù ni, àbí kí n wá dráìfù mìíràn? Ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ ẹni tó ń dán ojú síìdì ní Kàdúná tàbí Àbújá?