Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sáré básárì rí, kí lojú yín rí?

ỌmọBẹẹrẹ: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ gíga, a ti ń to nǹkan básárì jọ, owó ọ̀fẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ibi ìwé ọmọ onílùú tí wọ́n ní kó gbà ní káńsù la há sí. Ẹ sọ tiyín kí n fi kọ́gbọ́n. Ṣé kò yẹ kí wọ́n tún òfin tó ní ọmọ onílùú nìkan ló lè gbà á yẹn ṣe ni?

ÌyáÌbejì_Apẹtẹ: Nígbà tèmi, káńsù ní kí n kọ́kọ́ lọ gbàwé lọ́wọ́ mọ́gàjí agboolé wa. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá, wọ́n jókòó sórí ẹní wọ́n ń bó ẹ̀pà, wọn ò tiẹ̀ wo fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní "ó dáa, ki oríkì agboolé yín kí n gbọ́." Àyà mi já. Mo kì í díẹ̀, ìyókù dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mo bá pe ìyá àgbà lórí fóònù, mo tẹ sípíkà, màmá ń kì í lọ ràì, káàdì mi ń jó, ìgbà tó yá bàbá gbàgbé pé èèyàn dúró, àwọn àti màmá ti ń bira wọn pé ta ló kú ta ló kù. Ẹ̀pà yẹn tán kí wọ́n tó rántí òǹtẹ̀.

Kóńdó: ta ló kú ta ló kù 😂😂😂

Ṣadé_Mọlété: Ẹ̀yin tiẹ̀ rí mọ́gàjí lọ bá. Ìlú kan lápá Ọ̀ṣun ni bàbá bàbá mi ti wá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ kí wọ́n má bàa bú mi. Mọlété ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Nígbà tí bàbá mi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni gbogbo wa. Àfi 1991 tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò, a sùn lọ́mọ Ọ̀yọ́ a jí lọ́mọ Ọ̀ṣun, a ò sì kúrò lójú kan o. Káńsù ibí ní kí n lọ sílé, mo lọ sílé, akọ̀wé ní "ta lo mọ̀ níbí?" Mi ò mọ ẹnì kankan! Ọdún mẹ́rin, kọ́bọ̀ ò kàn mí. Owó orí bàbá mi ńkọ́? Ọ̀yọ́ ló ń yọ ọ́ lóṣooṣù.

Bọ̀dá_Akọ̀wé: Ṣebí wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, ó jọ pé kò kan básárì.

Ṣadé_Mọlété: Àjèjì ta? Ìwọ́ mi wà nílẹ̀ Mọlété, ẹ jọ̀ọ́ sà.

BàbáRere: Ẹ má bínú, ó dùn mí fún un, ṣùgbọ́n owó yẹn ò tó nǹkan. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí lọmọ Ìbàràpá máa rí he níbẹ̀?

Kóńdó: Ibi tí òbí bá ti ń san owó orí kọ́mọ ti gbà á. Ó parí.

ÌyáÌbejì_Apẹtẹ: Àwa tá à ń ta ata ní Bódìjà ńkọ́, ìwé owó orí wo la fẹ́ mú wá? Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà?

Dáre_Sángo: Ẹ bọ́ sórí NELFUND jàre, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, wọn ò bèèrè mọ́gàjí.

Bọ̀dá_Akọ̀wé: Gbèsè nìyẹn. Básárì ń jẹ́ ọ̀fẹ́.

Dáre_Sángo: Mo mọ̀ pé gbèsè ni, kò sí èlé lórí ẹ̀, ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ohun tí mò ń wí ni pé òfin ṣe é yí. Òfin ẹ̀yáwó tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní June 2023, owó ilé yín ò gbọdọ̀ tó ₦500,000 lọ́dún, ẹ sì tún máa wá onídùúró méjì, òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 12 àbí lọ́yà tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá. Ilé tí wọn ò ti rówó, ibo ni wọ́n ti máa rí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀? April 2024 wọ́n fọwọ́ sí òmíì, wọ́n gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Kò pọ́dún kan!

Àjọkẹ́: Èmi ò tíì rí owó NELFUND tèmi gbà o. Ẹni tó bá mi ṣe JAMB ní kàfé yọ "Olúwa" kúrò lára orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú NIN, orúkọ méjèèjì ò wá bára mu.

Kóńdó: Ó yọ Olúwa 😭

ÒkèÀdó_lókè_òkun: Ní California tí mo wà, Cal Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ń wo owó tó ń wọlé fóbìí, ó ń wo máàkì ọmọ, 3.0 fún oríṣi A, 2.0 fún oríṣi B. Ní ti ìlú, pé ẹ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan ni. Kò sẹ́ni tó bèèrè bàbá bàbá ẹnikẹ́ni.

Ṣadé_Mọlété: Ọdún kan! Èmi tí mo ti lo ogún ọdún ó lé ní Mọlété!

BàbáRere: California lówó ju Ọ̀yọ́ lọ, ẹ fi yẹn sọ́kàn.

ỌmọBẹẹrẹ: Mo ti gbọ́. Àbúrò mi ti ń kọ́ oríkì láti àárọ̀.

ÌyáÌbejì_Apẹtẹ: Kó ra ẹ̀pà dání.