Ẹ̀rọ tí yóò máa yan ìgbà tí yóò pe nọ́ọ̀sì: kí ló yẹ ká bèèrè kí wọ́n tó rà á?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlewó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn aláṣẹ wa fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọn yóò so mọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń ka ìlùkìkì ọkàn, mími àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí yóò sì máa fi ọgbọ́n àtọwọ́dá pinnu fúnra rẹ̀ èyí tí yóò torí rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, èyí tí yóò dúró títí ọwọ́ wa yóò fi dilẹ̀, àti èyí tí yóò kàn kọ sílẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn sí i, nítorí pé lóru, nígbà tí nọ́ọ̀sì méjì péré bá wà nínú wọ́ọ̀dù tó kún, ariwo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í dáwọ́ dúró, ohun tó sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju pé wáyà tú lára aláìsàn tàbí pé ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìdákẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ níbi tí kò yẹ kó ti dákẹ́, báwo ni a ó ṣe mọ̀? Wọ́n ní kí àwa nọ́ọ̀sì mú ìbéèrè wa wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni Eric Horvitz, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Microsoft ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ètò yìí. Ohun méjì ni ẹ̀rọ ní láti gbé sórí òṣùwọ̀n: àdánù tí yóò wáyé bí ìròyìn bá pẹ́, àti àdánù tí yóò wáyé bí a bá dí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ rọrùn díẹ̀, nítorí ara aláìsàn ni ẹ̀rọ ti ń kà á. Ti èkejì ni kí ẹ tẹ̀ mọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ètò náà yóò ti mọ̀ pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì dí. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ gbogbo nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó lè rí i pé nọ́ọ̀sì ń pín oògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ń fi bírò kọ ọ́ sínú fáìlì, kò ní rí nǹkan kan, yóò kàn máa méfò ni. Ẹ ní kí wọ́n fi bọ́tìnì kan sórí fóònù tí ẹ ó máa tẹ̀ bí ọwọ́ yín bá dí, kí ètò náà sì pe ẹlòmíràn bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá dáhùn. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kí ó pariwo. Kí ó má ṣe dákẹ́ rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Lántòrò:
Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 2010, àwọn olùwádìí tó ṣọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ní ilé ìwòsàn méjì ní Sydney, ní Ọsirélíà, rí i pé bí ìdílọ́wọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe oògùn ń pọ̀ sí i: ìdílọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan bá àfikún bí ìdá 12 nínú 100 rìn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń fa abẹ́rẹ́, tí ẹ bá ń fi ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, tàbí tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ̀rọ má ṣe pè yín àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Àwa nọ́ọ̀sì ló sì yẹ kó kọ àkókò wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún wọn, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Ohun kan tún wà. Nọ́ọ̀sì a máa wo ojú aláìsàn, ọkàn rẹ̀ á sì sọ fún un pé ara ẹni yìí kò le, nígbà tí iye tó wà lórí ẹ̀rọ ṣì dára. Ẹ bèèrè bóyá àyè wà láti sọ èyí fún ètò náà, kí ó lè tètè máa pè yín lórí aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ìjàyè:
Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó ṣiṣẹ́ níbòmíràn, kí ẹ sì gbà. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan yẹ ètò kan wò tí ilé iṣẹ́ Epic ṣe láti máa dá àrùn sẹ́púsíìsì mọ̀, ìyẹn ìgbà tí ara bá gbógun ti àkóràn débi pé ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà ló ń lo ètò náà nígbà náà. Wọ́n rí i pé ó fo ìdá 67 nínú 100 àwọn tó ní àrùn náà dá, síbẹ̀ ó ké lórí ìdá 18 nínú 100 gbogbo àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn. Ó ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ó sì tún ń dákẹ́ níbi tí kò yẹ.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé, láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ka ọ́síjìn wọn sí ìdá 92 sí 96 nínú 100, àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ kò rí wà lára ìdá 11.7 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n 3.6 péré lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Bí ètò bá gbé ìpinnu rẹ̀ lé irú iye bẹ́ẹ̀, ara àwọn aláìsàn tiwa gan-an ni ìdákẹ́ rẹ̀ yóò ti léwu. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan láìpe ẹnikẹ́ni, kí ẹ máa fi ohun tí ì bá ṣe wé ohun tó wà nínú fáìlì. Kí ẹ sì fi wé NEWS2, ìlànà fífún aláìsàn ní máàkì lórí mími, ìlùkìkì ọkàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2017, èyí tí a lè fi bírò ṣírò, tí 7 sókè nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìpè pàjáwìrì. Bí ètò olówó gọbọi kò bá ṣe dáadáa jù ú lọ, kí ni a ń rà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ìlewó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá wá gbà á, ta ni yóò máa ka àkọsílẹ̀ àwọn ìgbà tó yàn láti má pe ẹnikẹ́ni?

Dókítà Ìjàyè:
Nọ́ọ̀sì àgbà tó gba iṣẹ́ òwúrọ̀ àti dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, kí wọ́n jọ kà á kí wọ́n tó yí wọ́ọ̀dù ká, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí ènìyàn méjì lè kà tán lọ, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.