Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: táyà wo ni kí n rà sí mọ́tò háíbíríìdì tí epo ò fi ní máa lọ jù?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Prius ni mò ń wà, mọ́tò háíbíríìdì tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, sáìsì táyà ẹ̀ ni 195/65R15. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n ti jẹ débi pé tírẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn ojú rọ́bà tó ń kanlẹ̀, ò ju bíi mílímítà 2 lọ mọ́, mi ò sì fẹ́ dúró kó jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ ní kò síyàtọ̀, pé táyà ni táyà ń jẹ́ tí sáìsì bá ti bára mu, kí n mú èyí tówó ẹ̀ kéré jù. Ẹlòmíì tún ní tí mi ò bá ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó má jẹ́ kí mọ́tò mu epo, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ra háíbíríìdì máa bọ́ sófo. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì? Inú òjò ni mo sì ti ń wakọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn, mi ò fẹ́ táyà tó máa bá mi ṣọ́ epo kó wá máa yọ̀ lójú títì o. Ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹni tó ní kò síyàtọ̀ yẹn ò bá yín sọ òótọ́. Bí táyà ṣe ń yí, apá tó kanlẹ̀ á tẹ̀, tó bá ti kúrò nílẹ̀ á tún nà padà, agbára tó fi tẹ̀ yẹn kì í padà tán, ooru ló ń dà, ẹ fọwọ́ kan táyà tẹ́ ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ máa rí i pé ó gbóná. Epo inú táǹkì yín ló ń sanwó ooru yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ wá ń po sílíkà mọ́ rọ́bà kó má baà máa gbóná tó bẹ́ẹ̀, Michelin gbé tiwọn jáde ní 1992, lónìí ẹ máa rí Ecopia ti Bridgestone, EcoContact ti Continental, BluEarth ti Yokohama àti àwọn míì. Ìṣirò ẹ̀ ni pé tí agbára tí táyà ń jẹ bá fi 10% dín, epo á fi bíi 1 sí 2% dín. Ó lè kéré lójú yín o, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín táyà kan àti èkejì lè ju 10% yẹn lọ dáadáa, ẹ ó sì máa jèrè ẹ̀ títí táyà ọ̀hún á fi jẹ tán.

Àkàndé: Ẹ̀gbọ́n, mo ta kò yín díẹ̀. Èyí tí mo lò kẹ́yìn, tí wọ́n kọ eco sí lára, tí òjò bá ti rọ̀ báyìí bírèkì ò ní tètè mú, mo yọ ọ́ dànù ni. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹni tó ń gbé ọmọ ò gbọdọ̀ máa tìtorí epo díẹ̀ ra irú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àkàndé àbúrò mi, mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, a ò lè torí ọ̀kan da gbogbo ẹ̀ nù. Àdùkẹ́, wo ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ táyà tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Láti oṣù karùn-ún 2021 ló ti ń lo A dé E, A ló dáa jù. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ti epo, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti bí bírèkì ṣe ń mú lójú ọ̀nà tó tutù, ariwo wà nísàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ A tàbí B lápá méjèèjì ni kó o wá, wọ́n wà dáadáa. Tó bá wá di pé ọ̀kan péré ni A máa wà, jẹ́ kó jẹ́ ti òjò. Tí wọ́n bá gbé èyí tó jẹ́ A fún epo àmọ́ tó jẹ́ D fún òjò wá fún ẹ, má gbà á, bó ti wù kí wọ́n pọ́n ọn tó. Kí sáìsì tí wọ́n kọ síwèé náà sì jẹ́ tìẹ gan-an o, torí orúkọ táyà kan náà lè gba B ní sáìsì kan kó gba C ní òmíì. Tó bá jẹ́ táyà Amẹ́ríkà, AA, A, B, C tó wà lára ẹ̀ ń sọ bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú, kò sọ nǹkankan nípa epo.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Àfikún: ẹ wo nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀lé sáìsì. 91H, bí àpẹẹrẹ, 91 ni pé táyà kan lè gbé 615 kìlógíráàmù, H ni pé kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 210 lọ ní wákàtí kan. Bátìrì háíbíríìdì wúwo, torí náà ẹ má gba èyí tó bá kéré sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ sí i torí ẹwà, epo ló máa fi jẹ.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni, ọ̀rọ̀ yín ti ń yé mi. Ẹnì kan tún sọ pé kí n máa fẹ́ ẹ dé iye psi, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́, tó wà lára táyà fúnra ẹ̀, pé epo á dín sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Àkàndé: Rárá o àǹtí! Òdiwọ̀n tí táyà ò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dé bẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ wò, lára ọ̀pọ̀ Prius 35 ni iwájú, 33 ni ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì gééjì ẹ̀ nígbà tí táyà bá tutù, kó tó rìn.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni Àkàndé sọ. Psi 1 tó bá dín nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń mú bíi 0.2% epo lọ, tó o bá wá jẹ́ kó fi 8 relẹ̀, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo èrè táyà olówó ńlá yẹn nù. Má sì dúró de iná dáṣíbọọ̀dù, lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà kò pọn dandan kó tàn àfi tí afẹ́fẹ́ bá fi 25% dín.

Nǹkan kan wá wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú, mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n kó o tó pààrọ̀. Tó o bá fi tuntun sí i, dáṣíbọọ̀dù lè sọ fún ẹ pé mọ́tò ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà kó jẹ́ táyà tó dáa jù láyé. Wò ó: táyà tìẹ, láti òkè dé ilẹ̀, tó bá wà ní tuntun, bíi mílímítà 634 ni. Tírẹ́ẹ̀dì tuntun máa ń tó bíi 8, tìẹ ti ku 2, ó ti fi 6 jẹ lókè, 6 nísàlẹ̀, 12 nìyẹn, ó sún mọ́ 2%. Iye ìgbà tí táyà yí ni mọ́tò fi ń ka kìlómítà, èyí tó ti jẹ sì gbọ́dọ̀ yí ju tuntun lọ kó tó rin ọ̀nà kan náà, ibi tí tuntun bá ti ka 100, ògbólógbòó á ka bíi 102. Kìlómítà 2 yẹn, o ò rìn ín rí, àmọ́ mọ́tò ti ń fi yangàn fún ẹ látọjọ́ yìí. Rọ́bà tuntun tún nípọn, tó bá ń tẹ̀ ooru tó ń dá pọ̀ ju ti èyí tó ti tín-ín-rín. Á máa dín kù bó ṣe ń jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ èyí, wọ́n á ní wọ́n lu àwọn ní jìbìtì, wọ́n á lọ yọ táyà tó dáa dànù.

Àdùkẹ́: Háà! Ẹ ṣeun mà, ẹ̀rù ì bá bà mí lọ́jọ́ kejì gan-an. Mo ti wá rí ọ̀kan báyìí, B fún epo, A fún òjò, 91H. Mo fẹ́ lọ gbé e.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ẹ má gbà á ní tuntun.

Ìyá Ìbejì: Kí wọ́n ṣe alignment ẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí táyà tí ò kọjú síbi tí mọ́tò ń lọ, ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń gééjì ẹ̀ o.