Wọ́n ní kí n gé píìnì mẹ́rin kúrò lẹ́nu adápítọ̀ DVI, mo gé e, mọ́nítọ̀ ṣì ò gbé àwòrán

AjíléteGrafíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under-G níbí, a máa ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, a sì máa ń bá àwọn ọmọ LAUTECH tẹ pùròjẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sísítẹ́ẹ̀mù tòkunbọ̀ kan, káàdì gíráfíìsì tó ń gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀ wà nínú ẹ̀, HDMI kan wà lẹ́yìn káàdì yẹn, DVI funfun kan náà sì wà níbẹ̀, ẹnu tí wọ́n ń ki wáyà àwòrán sí ni méjèèjì. Tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé kọ́ ògiri ló wà lórí HDMI, òun ni mo fi ń han kọ́sítọ́mà ohun tí mo ń ṣe, torí ó ti sú mi kí n tẹ igba ìwé ètò ìsìnkú tán kí wọ́n tó wá sọ pé mo ti ṣi orúkọ olóògbé kọ. Mọ́nítọ̀ témi gan-an, èyí tí mo máa jókòó tì, òun ló wá yẹ kó wà lórí DVI. Mọ́nítọ̀ ọ̀hún ti pẹ́, àwọn onígun mẹ́rin àtijọ́ yẹn, VGA, ẹnu wáyà àtijọ́ yẹn, nìkan ló ní.

Mo wá lọ ra adápítọ̀ DVI sí VGA, 3,500 náírà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀ kò wọlé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo rí i pé irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ẹnu adápítọ̀ náà, píìnì kéékèèké mẹ́rin wá yí i ká, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lára káàdì mi, ojú fún irin pẹlẹbẹ yẹn wà, ṣùgbọ́n kò sí ihò kankan fún àwọn mẹ́rin yẹn. Mo gbé e padà lọ bá bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi, ó ní kò sí wàhálà, pé àwọn píìnì yẹn ò ṣe nǹkan kan, kí n fi páláyà gé e. Èmi náà, mo gé e! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan tiẹ̀ fò, díẹ̀ ló kù kó ba ojú mi. Ó wá wọlé wẹ́rẹ́ bíi pé wọ́n fi òróró pa á lára. Mo tan mọ́nítọ̀, ó kọ NO SIGNAL, ó sì sùn lọ.

Ohun tó tún wá dojú rú fún mi ni pé lójú tẹlifíṣọ̀n, Windows ń sọ pé òun rí mọ́nítọ̀ kejì, ó tiẹ̀ pè é lórúkọ, ó mọ̀ pé 1280 x 1024 ni. Tó bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí kò gbé àwòrán sí i? Ṣé káàdì ló bàjẹ́ ni àbí mọ́nítọ̀ àbí wáyà VGA? Ẹ gbà mí.

Ọmọ_Sábo

Háà, páláyà kẹ̀! 😂 Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ ibi tó máa já sí ni. Ẹ jẹ́ ká dúró de Bàbá Wáyà.

BàbáWáyà (Ọ̀wọdé, Ọ̀yọ́)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Káàdì rẹ ò bàjẹ́, mọ́nítọ̀ rẹ ò bàjẹ́, wáyà VGA yẹn náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn píìnì mẹ́rin tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan yẹn gan-an ni àwòrán ń bá kọjá. Ọ̀kan ló ń gbé pupa, ọ̀kan gíríìnì, ọ̀kan búlúù, ẹ̀kẹrin ló ń sọ fún mọ́nítọ̀ pé ìlà kan ti parí kó mú òmíràn. Irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín wọn ni wọ́n jọ fi ṣe ilẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná wọn ń gbà padà. Èyí tó kù, tó ń sọ pé gbogbo ojú mọ́nítọ̀ ti kún kó padà sókè, òun nìkan ló lọ bá àwọn yòókù gbé, ihò 8 ló wà.

Jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ torí kì í ṣe ìwọ nìkan. 1999 ni Intel, Compaq, IBM, HP, Fujitsu, NEC àti Silicon Image parapọ̀ gbé DVI jáde. VGA ló kún ìgboro nígbà yẹn, IBM ti gbé e jáde láti 1987, ánálọ́ọ̀gù pọ́ńbélé ni, iná tó ń lọ sókè sódò ló fi ń gbé àwòrán. Àwọn mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tó ń lo díjítà, ìyẹn àwòrán tí wọ́n sọ di nọ́ńbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. Wọn ò lè sọ pé kí gbogbo ayé lọ da mọ́nítọ̀ onídìí ńlá nù lóòjọ́, ni wọ́n bá la ọ̀nà méjì sínú ẹnu kan: díjítà ń gba inú ihò 24 tó tò ní ìlà mẹ́ta, ánálọ́ọ̀gù ń gba ẹ̀gbẹ́ irin pẹlẹbẹ. Èyí tó gba méjèèjì ló ń jẹ́ DVI-I. Èyí tó jẹ́ díjítà nìkan ló ń jẹ́ DVI-D, kò ní ihò mẹ́rin yẹn. DVI-A náà wà, ánálọ́ọ̀gù nìkan, ṣùgbọ́n ẹnu wáyà lo ti máa rí ìyẹn tó o bá tiẹ̀ rí i.

DVI-D ni tìẹ. Wọn ò gbàgbé láti lu ihò sí i o, kò sí ánálọ́ọ̀gù lẹ́yìn ẹ̀ rárá ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí adápítọ̀ VGA má lè wọ ibẹ̀ ni, kéèyàn má baà fi àkókò ṣòfò. Páláyà rẹ ló borí wọn.

Adápítọ̀ tó o rà yẹn ńkọ́, tó o bá fọ́ ọ, wáyà lásán lo máa bá nínú ẹ̀. Ó kàn ń gba pupa lápá ibí gbé e sápá ọ̀hún ni. Ó yí ẹnu padà, kò yí èdè padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sẹ́mínárì Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Bí òyìnbó bá gun pèpéle tí kò sí ògbufọ̀, ẹ lè pààrọ̀ máíìkì fún un nígbà mẹ́wàá, ìyá àgbà tó jókòó níwájú ò ní gbọ́ nǹkan kan. Máíìkì lo rà. Ògbufọ̀ lo nílò.

Ní ti Windows tó ń pe mọ́nítọ̀ lórúkọ: ihò 6 àti 7 ni mọ́nítọ̀ fi ń sọ ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà, DDC ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, àárín àwọn 24 ló wà, o ò sì gé ìyẹn. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, àwòrán nìkan ni kò rí ọ̀nà gbà.

ÌyáSẹ́ńtà (Tákié)

Bàbá Wáyà ẹ kú àlàyé. Ẹ̀yin aládùúgbò wa tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó tún náwó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn sísítẹ́ẹ̀mù yẹn dáadáa, apá òkè níbi tí ihò USB wà, kì í ṣe ara káàdì. Àwọn tòkunbọ̀ ọ́fíìsì yìí máa ń ní VGA tiwọn tẹ́lẹ̀, búlúù, tí wọ́n bá ki káàdì sínú ẹ̀ wọ́n á fi rọ́bà dúdú dé e lẹ́nu. Èmi lo èyí tí mo ní fún oṣù mẹ́fà gbáko kí n tó mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ rọ́bà yẹn, mo rò pé ara ẹ̀ ni.

AjíléteGrafíìsì

Màmá, Ọlọ́run á bù kún yín. Òótọ́ ni, rọ́bà dúdú wà níbẹ̀, VGA búlúù sì wà lábẹ́ ẹ̀! Mo ki mọ́nítọ̀ sí i, kò gbé nǹkan. Mo yọ káàdì gíráfíìsì kúrò pátápátá, ó gbé àwòrán lójú ẹsẹ̀. Mo dá káàdì padà, ó tún kú. Mo wọ BIOS, ibi tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde, mo yẹ gbogbo ojú ẹ̀ wò bóyá màá rí ibi tí mo ti lè ní kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́, kò sí níbẹ̀. Tí mo bá wá yọ káàdì, tẹlifíṣọ̀n ò ní HDMI mọ́ nìyẹn, CorelDRAW tí mo fi ń ya iṣẹ́ náà á tún máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀bẹ ò lójú kan.

Káfẹ́_Ọjà_Àkẹ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n já lu ọ̀rọ̀ yín díẹ̀. Wáyà DVI kan wà lọ́wọ́ mi, àwọn píìnì kan ò sí láàárín ẹ̀, bí eyín ọmọdé tó ká. Ṣé ẹnì kan ti fi páláyà ṣe èmi náà ni? 😅

BàbáWáyà (Ọ̀wọdé, Ọ̀yọ́)

Rárá o, bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Mẹ́fà ni kò sí láàárín, àbí? Single link ni, píìnì 18, ó lè gbé 1920 x 1200 ní 60Hz. Èyí tí eyín ẹ̀ pé 24 ni dual link, ìyẹn dé 2560 x 1600. Tí mọ́nítọ̀ rẹ bá jẹ́ Full HD (1920 x 1080) lásán, má wulẹ̀ ra òmíràn.

Ọmọ_EE_LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n AjíléteGrafíìsì, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ nílò wà lára káàdì yẹn, ẹ kàn gbé wọn síbi tí kò yẹ wọ́n ni. Ẹ yí wọn padà.

Ẹ wò ó: DVI-D àti HDMI, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n ṣe HDMI jáde ní 2002, bí DVI ṣe ń gbé àwòrán ni wọ́n mú, wọ́n fi ohùn kún un, wọ́n sì ṣe ẹnu ẹ̀ kékeré. Torí náà wáyà DVI sí HDMI ò nílò ògbufọ̀ kankan, máíìkì Bàbá Wáyà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n yín, HDMI ló ní, ẹ ra wáyà DVI sí HDMI, ẹ fi í so DVI mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ihò HDMI ara káàdì ti ṣófo nìyẹn. Ẹ wá ra HDMI sí VGA, àwọn kékeré yẹn tí àwọn ọmọ iléèwé wa fi ń so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ pùròjẹ́kítọ̀ ní kíláàsì, ó kún Under-G níbẹ̀. Ìyẹn ní ṣíìpù (chip) nínú tó ń sọ díjítà di ánálọ́ọ̀gù, ògbufọ̀ gidi ni. Ẹ fi ìyẹn so mọ́nítọ̀ àgbà yín.

Ẹ̀rọ tó ń sọ DVI-D di VGA náà wà o, tó ní ṣíìpù tiẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i rà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má wá a lọ.

Ẹ má sì rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ lórí káàdì yẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ánálọ́ọ̀gù kúrò lára àwọn káàdì. Káàdì Nvidia GTX 1080 tó jáde ní 2016, DVI-D ló ní, tí àwọn GTX 900 tó ṣíwájú ẹ̀ sì ṣì ní DVI-I. Ẹni tó bá ní mọ́nítọ̀ VGA tó fẹ́ lo adápítọ̀ lásán, káàdì tó pẹ́ díẹ̀ ló máa bá a mu.

Ọmọ_Sábo

Ohùn ńkọ́? Mo gbọ́ pé DVI kì í gbé ohùn. Tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù yẹn la fi ń wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ba nǹkan jẹ́.

BàbáWáyà (Ọ̀wọdé, Ọ̀yọ́)

Ìwọ ni kọ́sítọ́mà tí tẹlifíṣọ̀n wà fún! Lóòótọ́, kò sí ohùn nínú ètò DVI. Àwọn káàdì kan máa ń dọ́gbọ́n gbé ohùn gbabẹ̀ tó bá rí i pé HDMI ló wà ní ìdí kejì, àwọn kan ò ní ṣe é. Ẹ dán an wò, tí kò bá dún, ẹ lo sípíkà.

Ọmọ EE, o ṣeun, mo ṣí fìlà fún ẹ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kó ṣọ́ra níbi tó ti ń ra ògbufọ̀ yẹn. HDMI sí VGA yàtọ̀ sí VGA sí HDMI, wọ́n jọra bí ìbejì nínú páálí, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà. Kó mọ́nítọ̀ dání tó bá ṣeé gbé, kó dán an wò lójú wọn. Kó sì mú èyí tó ní ihò kékeré fún USB lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí iná tí HDMI ń fún wọn kì í tó àwọn kan, á kàn máa ṣẹ́jú bíi gílóòbù tí NEPA ò fún níná tó.

AjíléteGrafíìsì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó ti ṣiṣẹ́. Bí Ọmọ EE ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe é gẹ́lẹ́. Mo gbé mọ́nítọ̀ lórí ọ̀kadà lọ ra ẹ̀rọ HDMI sí VGA ọ̀hún, àwọn èèyàn ń wò mí bíi pé mo jí i gbé. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé àwòrán, gbogbo lẹ́tà ń gbọ̀n, wọ́n tún sún sápá òsì díẹ̀, mo tẹ AUTO lára mọ́nítọ̀, ó dúró ṣinṣin. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ á rí i pé lẹ́tà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n mú ju ti mọ́nítọ̀ mi lọ, ṣùgbọ́n ó tó mi ṣiṣẹ́. Ohùn náà dún lórí DVI, Ọmọ_Sábo, inú ẹ dùn àbí.

Lánàá ni ìyá kan wá ṣe ìwé ètò ìsìnkú ọkọ ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, mi ò tíì tẹ ẹyọ kan tó fi nàka pé àmì wà lábẹ́ "s" orúkọ bàbá yẹn, pé kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo fi àmì sí i, ó ní ó kù díẹ̀, pé ìsàlẹ̀ "o" ńkọ́.

Mo gbé adápítọ̀ tí mo gé padà lọ bá bọ̀ọ̀dá yẹn kó dá owó mi padà. Ó gbé e sókè, ó wo ẹnu ẹ̀, ó ní òun ò lè gbà á, pé mo ti gé píìnì ẹ̀.