Èèyàn 300, ẹnu ibodè kan: ọ̀nà wo ni kí wọ́n fi máa wá ọ̀nà?

Ọmọ Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe géèmù kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn á lè jọ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kétu ayé àtijọ́ la fi ṣe é: odi yí ìlú ká, ibodè tí wọ́n ń pè ní Akaba Idena sì ni gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Bí ogun bá dé, àwọn ará oko tí kọ̀ǹpútà ń darí á sá wọ̀lú. A*, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti ibì kan sí ibòmíì, ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá di 300, server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà fún gbogbo èèyàn, á dákú, ogun á sì bá wọn lójú kan. Mo pín ilẹ̀ náà sí àpótí kéékèèké bíi ti ìwé ìṣirò: 200 ní gígùn, 200 ní ìbú. Ṣé kí n lọ sí Jump Point Search (JPS), irú A* kan tó ń fo ọ̀pọ̀ àpótí kọjá? Wọ́n ní ó yára jù.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ṣé ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń falẹ̀?

Ọmọ Kétu: Ó wà, ìyá. Ìgbésẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀ tó mẹ́ta lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Fi JPS sílẹ̀ nígbà náà. Bí Harabor àti Grastien ṣe gbé e jáde ní 2011, ilẹ̀ tí ìrìn ibẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, tí kò sí ẹrẹ̀, ló wà fún. Àbúrò, ṣebí ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ? Kí ló dé tí o fi ń wá ọ̀nà kan náà nígbà 300? Bẹ̀rẹ̀ láti ibodè, fi Dijkstra, ìlànà tó ń ṣírò bí ibi gbogbo ṣe jìn sí ibì kan, tàn ká ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àpótí kọ̀ọ̀kan mọ iye tó kù kó débẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá wà, á wo àwọn àpótí tó yí i ká, á bọ́ sí èyí tí iye rẹ̀ kéré jù. Flow field nìyẹn. Àpótí 40,000 kò tó nǹkan fún server. Àfi bí nǹkan bá yí padà lórí ilẹ̀, bíi kí wọ́n ti ibodè tàbí kí ògiri wó, lo máa tó tún un ṣe.

Ará Ṣábẹ̀: Èmi ò fẹ́ràn àpótí, ìrìn wọn kì í dán. Navmesh ńkọ́, tí wọ́n fi ń pín ibi tó ṣeé rìn sí abala ńláńlá dípò àpótí?

Ọmọ Kétu: Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré lè pa àtíbàbà síbi tó wù wọ́n.

Ará Ṣábẹ̀: Háà! Tí o bá ní láti máa tún navmesh ṣe fún gbogbo àtíbàbà, o ò ní sùn. Dúró sórí àpótí rẹ.

Ọlọ́kadà, Àjàṣẹ́: Má pa A* tì o. Ọlọ́jà tí kálukú wọn ń lọ sí ìsọ̀ tirẹ̀, òun ló bá wọn mu. Tò wọ́n sórí ìlà, kí server máa dá díẹ̀díẹ̀ lóhùn. Tí wọ́n bá lè rìn ní ìdábùú, má jẹ́ kí A* lo ìfojúdá Manhattan, tó ń ka ìgbésẹ̀ sí òró àti sí ìbú nìkan: á máa rò pé ọ̀nà jìn ju bó ṣe jìn lọ, wọ́n á sì lè máa gba ọ̀nà tó jìn. Octile, tó ń ka ti ìdábùú mọ́ ọn, ni kí o lò. Má sì fi gbogbo ìgbésẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn èèyàn, mégà wọ́n! Ibi tí wọ́n ti máa yà nìkan ti tó, fóònù á rìn ìyókù fúnra rẹ̀.

Ọmọ Kétu: Mo ti dán flow field wò, server ti ń mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gun ara wọn lórí lẹ́nu ibodè.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Wọ́n á gun ara wọn. Ibi tí wọ́n máa kọjú sí nìkan ni flow field ń sọ, kò mọ ẹni tó wà níwájú. Jẹ́ kí kálukú máa yẹ̀ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Bí ẹlẹ́ṣin bá wà láàárín wọn, ṣe flow field tiwọn lọ́tọ̀, kí o sì fi àpótí kan kún ìnípọn ògiri nínú rẹ̀, kí ẹṣin má bàa há.