Fífún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní èémí: báàgì ni tàbí ẹnu?

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú pàjáwìrì. Títẹ àyà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó kan kí n fún ère ìdánrawò ní èémí, mo fi ọwọ́ òsì di ìbòmú mọ́ ojú rẹ̀, mo fi ọ̀tún fún báàgì náà, ìyẹn àpò rọ́bà tí a so mọ́ ìbòmú láti ti afẹ́fẹ́ wọlé, pọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ń ṣe fíì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì gbé rárá. Olùkọ́ wa ní agbára mi pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ èmi rò pé ó kéré ni. Bí mo bá dá wà, ṣé kí n pa báàgì tì?

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì:
Dídì ni ìṣòro yín, kì í ṣe agbára. Ọwọ́ kan kì í sábà ká a, àní lọ́dọ̀ àwa tí a ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e yí ìbòmú ká, kí ẹ fi ìka mẹ́ta tó kù há egungun àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì fà á gòkè wá bá ìbòmú. Ẹni tó bá ń ti ìbòmú wálẹ̀ mọ́ ojú ń dí ọ̀nà ọ̀fun ni. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì dì í, kí ẹni tó ń tẹ àyà fún báàgì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó bá ti tẹ àyà nígbà 30. Bí ẹ bá dá wà, ìbòmú tí a ń fẹ́ ẹnu sí ló sàn jù, nítorí ọwọ́ yín méjèèjì ló ráyè dì í. Ẹ má fojú kéré èémí tiyín: nǹkan bí ìdá 16 sí 17 nínú 100 rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ́ksíjìn.

Dókítà:
Olùkọ́ náà kò ṣì sọ o. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni a fi ń fún èémí kan, nǹkan bí mílílítà 500 sí 600 sì tó àgbàlagbà, èyí tó kéré gan-an sí ohun tó wà nínú báàgì. Àyà ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe báàgì. Bó bá ti gbé, ó tó. Bí ó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á gba ikùn lọ, aláìsàn á bì, èébì á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bákan náà, àyà tí afẹ́fẹ́ fún mọ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn dáadáa. Lẹ́yìn tí a bá ti ki ọ̀pá èémí bọ ọ̀nà ọ̀fun ni mo máa ń rí àṣìṣe yìí jù. Nígbà yẹn a kì í dáwọ́ títẹ àyà dúró mọ́, èémí kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà-mẹ́fà sì tó, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù á mú kí ẹni tó di báàgì mú máa fún un bí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń finná.

Olùkọ́ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́:
Ẹni tí kò kọ́ èyí rí lè máa tẹ àyà àgbàlagbà nìkan títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ti ọmọdé àti ẹni tí omi gbé yàtọ̀, nítorí èémí ló sábà ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kí ọkàn tó dúró, nítorí náà a kì í fẹ́ fo èémí. Olùtọ́jú méjì á tẹ àyà ọmọdé nígbà 15, wọn á sì fún un ní èémí méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ ṣeun. Mo tún gbìyànjú lónìí pẹ̀lú ìbòmú tí a ń fẹ́ ẹnu sí, mo fa àgbọ̀n gòkè, àyà sì gbé. Èémí kejì ni kò wọlé. Ṣé kí n fi ẹ̀kẹta kún un?

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì:
Rárá. Ẹ padà sí àyà lójú ẹsẹ̀. Ìdádúró náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Bó bá tún kan èémí, kí ẹ kọ́kọ́ tún orí rẹ̀ dá sẹ́yìn kí ẹ tó fẹ́ ẹ.