Kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ tán àti ọ́ìlì gíà mánúà: ìrírí àwọn tó ń tú u

Mẹkáníìkì Àpáta:
Ẹ jẹ́ ká fi Corolla AE101 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 4A-FE àti gíábọ́ọ̀sì C50. Ohun tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (díìsìkì àti àwọn irin tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tí pẹ́dà sì ń tú sílẹ̀) kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn mọ́tò mánúà yòókù tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà wọ́n.

Ohun tó ń dunni jù nínú iṣẹ́ yìí ni gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìnídìí. Kẹ́ ẹ tó ra díìsìkì, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ ni tàbí kò tú sílẹ̀. Tó bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnì á máa ké ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní sáré tó igbe rẹ̀. Òórùn nǹkan tó ń jóná á sì gba inú mọ́tò, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gun òkè tàbí tí ẹrù wà lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi sí gíà kẹrin lójú títì tó tẹ́jú, ẹ má sáré púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fún un níná lójijì. Tí ẹ́ńjìnì bá ké sókè tí mọ́tò ò bá a lọ, ó ń yọ̀ nìyẹn.

Tí kò bá tú sílẹ̀, gíà á wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, àmọ́ á le nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ẹ ka ení, èjì dé ẹẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fi sí rìfáàsì. Tó bá ha gààràgà, díìsìkì ò tíì kúrò lára fúláíwíìlì (àwo irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì) pátápátá. Ìdí pẹ́dà ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò, kì í ṣe inú gíábọ́ọ̀sì. Sìlíńdà òkè, èyí tí pẹ́dà ń tì, a máa jò sínú mọ́tò, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ti ìsàlẹ̀, èyí tó wà lára gíábọ́ọ̀sì, a máa jò sínú rọ́bà tó bò ó; ẹ ká rọ́bà náà sókè, bó bá lómi nínú, ibẹ̀ ló ti ń ṣe é. Atẹ́gùn nínú páìpù náà a máa fà á. Gbogbo èyí ṣeé tún ṣe láìfọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì rárá.

Pẹ́dà Corolla yìí gbọ́dọ̀ rìn lófìfo láàárín 5 sí 15 mílímítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́sẹ̀. Tí kò bá ní ìrìn òfìfo, rìlíìsì bẹ́árìn (èyí tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀) á máa ti pírẹ́ṣọ̀ pílétì (irin tó ń tẹ díìsìkì mọ́ fúláíwíìlì) nígbà gbogbo, bí ìgbà tí dírẹ́bà gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà láti àárọ̀ dalẹ́. Díìsìkì tuntun ò ní pẹ́ rárá bẹ́ẹ̀.

Bẹ́líńdà Fíríọ̀mù:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ariwo kún un. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà ni ariwo bẹ̀rẹ̀, rìlíìsì bẹ́árìn ni. Tó bá jẹ́ pé ariwo ń dún nígbà tí mọ́tò wà ní níútù, tó sì dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà, bẹ́árìn ṣáfútù àkọ́kọ́ nínú gíábọ́ọ̀sì ló ń ké. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun ò lè pa á lẹ́nu mọ́. Tó bá sì jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ha, ká ní gíà kejì, tí gbogbo ìyókù ń wọlé dáadáa, síńkírọ̀ gíà yẹn (òrùka tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wẹ́rẹ́) ló ti jẹ.

Oníspéà Ládípọ̀:
Ẹ mú díìsìkì àtijọ́ dání wá sọ́jà. Ti AE101 yìí fẹ̀ ní 212 mílímítà, eyín àárín rẹ̀ sì jẹ́ 21. Ẹ kà á, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Díìsìkì tí eyín rẹ̀ yàtọ̀ ò ní wọ ṣáfútù, èyí tó kéré ní fífẹ̀ á wọ̀ ṣùgbọ́n á máa yọ̀ tí ẹrù bá pọ̀.

Àwọn tó fẹ́ ra Belgium, ìyẹn àlòkù, ẹ wo orí ríbẹ́ẹ̀tì. Toyota ní kí orí ríbẹ́ẹ̀tì ṣì rì sísàlẹ̀ ojú láínìn (ohun tó bo ojú díìsìkì) tó 0.3 mílímítà, ó kéré tán. Nǹkan tí a ń wá fún Belgium yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san. Ẹ fọwọ́ mi àwọn sípíríǹgì àárín. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó ń mì. Láínìn tí ọ́ìlì ti wọ̀ kò ṣeé fọ̀. Bẹntiróò á fọ ojú rẹ̀, àmọ́ ọ́ìlì tó ti mu wọ inú á tún jáde tó bá gbóná.

Díìsìkì, pírẹ́ṣọ̀ pílétì àti rìlíìsì bẹ́árìn, ẹ rà á pọ̀. Bẹ́árìn lowó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì sábà máa ń mú kí wọ́n tún gíábọ́ọ̀sì sọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀gá Gíà Mushin:
Tó bá di dandan láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ òdì bátìrì. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí KÍ Ẹ TÓ tú èyí tí a fi ń dà á nù. Bí ti òkè bá ti di, tẹ́ ẹ sì ti da ọ́ìlì nù, mọ́tò ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo mágnẹ́ẹ̀tì orí pọ́lọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná ò burú. Ẹ̀rún irin tẹ́ ẹ lè fọwọ́ mú, eyín gíà tàbí bẹ́árìn ló ti ń ṣẹ́. Tí ọ́ìlì bá ń tàn yínríyínrí bí wúrà, idẹ síńkírọ̀ ló ti ń jẹ wọnú rẹ̀.

Ẹ yọ ṣáfútù méjèèjì, wáyà gíà, sítátà. Sìlíńdà ìsàlẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ nìkan, ẹ má yọ páìpù, ẹ fi wáyà so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ pẹ́dà, torí pístìn á fò jáde. Ẹ fi jáàkì àti pákó gbé ẹ́ńjìnì dúró kẹ́ ẹ tó tú síìtì ẹ́ńjìnì. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá ń jáde, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sórí díìsìkì. Ìwúwo rẹ̀ á tẹ àárín díìsìkì.

Àwọn nọ́ọ̀tì pírẹ́ṣọ̀ pílétì, ẹ máa tú wọn ní ìdojúkọra, ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, títí sípíríǹgì á fi rọ̀. Ẹni tó bá tú ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó kan èkejì á lọ́ pílétì náà.

Fúláíwíìlì wá kàn. Tí ojú rẹ̀ bá ní àmì búlúù tàbí ìlà sísán wẹ́wẹ́, ooru ti jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi léèsì gé irin, kí wọ́n gé e kó tẹ́jú. Gbígbọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.1 mílímítà lọ. Ẹ fọwọ́ kan ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì àti síìlì ṣáfútù iwájú gíábọ́ọ̀sì. Èyí tó bá lómi nínú wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Imú yóò sọ ibi tó ti ń jò: ọ́ìlì gíà ní òórùn imí-ọjọ́, ti ẹ́ńjìnì ò ní in.

Pírẹ́ṣọ̀ pílétì tuntun àti fúláíwíìlì tí wọ́n gé, ẹ fi bíréèkì kílínà tàbí bẹntiróò tó mọ́ fọ̀ wọ́n, torí ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ fi ń lé ìpatà wà lára pílétì. Ọwọ́ tí gíríìsì wà lára rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan láínìn. Ibi tí sípíríǹgì díìsìkì ti yọ síta ló ń kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá fi í sódì, kílọ́ọ̀ṣì ò ní tú sílẹ̀ rárá. Ẹ fi irin ìtọ́sọ́nà tàbí ṣáfútù àtijọ́ mú díìsìkì sí àárín, kẹ́ ẹ wá fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra dé 19 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n bí a ṣe fún nọ́ọ̀tì le tó).

Gíríìsì eyín ṣáfútù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Tó bá pọ̀, yíyí á fọ́n ọn sórí láínìn, kílọ́ọ̀ṣì tuntun á sì máa gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbéra. Ẹ fi díẹ̀ sí ibi tí fọ́ọ̀kì ti ń mì àti ibi tó ti kan bẹ́árìn. Ẹ má fi bẹntiróò fọ rìlíìsì bẹ́árìn. Gíríìsì inú rẹ̀ ni wọ́n ti pa dé láti ilé iṣẹ́, bẹntiróò á yọ́ ọ.

Tí gíábọ́ọ̀sì ò bá wọlé dé ìdí, ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé. Díìsìkì ò sí láàárín, tàbí píìnì ìtọ́sọ́nà kan ti sọnù. Fífi nọ́ọ̀tì fà á ló ń la ẹnu gíábọ́ọ̀sì tó jẹ́ alumíníọ̀mù.

Mẹkáníìkì Àpáta:
Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá ní láti tú páìpù, ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 ni ti sìlíńdà, kẹ́ ẹ sì fa atẹ́gùn jáde láti ìsàlẹ̀, kí ike òkè má gbẹ nígbà kankan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí hàídírọ́líìkì á wú rọ́bà inú rẹ̀, pẹ́dà á sì kọ̀ láti padà wá sókè.

Ọ̀gá Gíà Mushin:
Ó ku ọ́ìlì gíà, ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyẹn. Àwọn kan rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dáa tó, torí náà wọ́n ń da SAE 140 sí i. Òrùka síńkírọ̀ gbọ́dọ̀ gé ọ́ìlì kọjá kó tó di gíà mú. Tó bá nípọn jù, òrùka ò ní tètè di í mú, gíà á le, òrùka á sì jẹ. SAE 140 wà fún dífrẹ́ńṣà (gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) àwọn mọ́tò ńlá.

90 ti ọ́ìlì gíà kì í sì í ṣe ìlọ́po méjì 40 ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Òṣùwọ̀n tiwọn yàtọ̀: ọ́ìlì gíà SAE 90 sún mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì SAE 40 tàbí 50 ní nípọn. 75W-90 ni Toyota ní kí wọ́n lò fún C50, GL-4 tàbí GL-5 (ìpele kẹ́míkà ààbò tó wà nínú ọ́ìlì gíà), lítà 1.9. Tí 75W-90 bá wọ́n, 80W-90 á ṣiṣẹ́ nínú ooru tiwa. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti òtútù, 90 kan náà ni àwọn méjèèjì nígbà tí gíà bá gbóná.

GL-4 àti GL-5 ni kẹ́ ẹ fojú sí. GL-5 ní kẹ́míkà tó ń dáàbò bo eyín lábẹ́ ẹrù wúwo tó tó ìlọ́po méjì ti GL-4, dífrẹ́ńṣà ni wọ́n sì ṣe é fún. Nínú gíábọ́ọ̀sì tó ní òrùka idẹ, àwọn GL-5 kan máa ń jẹ idẹ náà. Yàtọ̀ sí èyí, ó tún lè yọ̀ jù, síńkírọ̀ ò ní lè di gíà mú kó tó wọlé. Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti sọ pé GL-4 nìkan, ẹ má gba GL-5 torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ju tèkejì lọ.

Ẹni Kutọnu:
Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mọ́tò Yúróòpù mánúà pọ̀. Ẹ má ṣe gbà pé gbogbo gíábọ́ọ̀sì ló ń mu ọ́ìlì 90. Peugeot 504 ti àtijọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń mu nínú gíábọ́ọ̀sì, dífrẹ́ńṣà rẹ̀ nìkan ló ń mu ọ́ìlì gíà. Mercedes mánúà àtijọ́, ATF ni, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì. Honda ní MTF (ọ́ìlì gíà mánúà) tirẹ̀, nǹkan bíi lítà 1.8 fún Civic ọdún 1990 sí 2000. Níbi tí kò bá sí, Honda fàyè gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 10W-30 tàbí 10W-40 fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù tó dé láìpẹ́ ní fúláíwíìlì alápá méjì, tó ní sípíríǹgì láàárín. Ìyẹn kò ṣeé gé ní léèsì bí èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo. Tí ojú rẹ̀ bá ń mì ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì.

Bẹ́líńdà Fíríọ̀mù:
Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti kún, tí kò ní irin ìwọ̀n?

Ọ̀gá Gíà Mushin:
Kí mọ́tò wà ní títẹ́jú pẹrẹsẹ, kì í ṣe pé jáàkì gbé iwájú sókè. Ẹ máa rọ ọ́ìlì láti ihò ẹ̀gbẹ́ títí á fi dé etí ihò náà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó kán tán, kẹ́ ẹ wá fi wáṣà tuntun dé e, 39 Nm fún C50. Tó bá kéré, gíà karùn-ún tó wà ní òpin gíábọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, síìlì á máa jò, ọ́ìlì á sì tún wá kan díìsìkì tuntun yẹn.

Fún bíi 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má fún un níná lójijì, ẹ má sì fi kílọ́ọ̀ṣì dúró lórí òkè. Ẹ lo háńdíbíréèkì. Tí òórùn díẹ̀ bá jáde láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ojú láínìn ló ń bára mu. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ wọn ìrìn òfìfo pẹ́dà.